Tranexamic acid ní tíátà ọkàn: mo fún un ní 4 nínú 5

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní tíátà ọkàn, yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, tranexamic acid àtàwọn oògùn mìíràn tí kìí jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà jù, ojú mi ti rí wọn, ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wàhálà ti ń wá. Kí wọ́n tó gbé èèyàn sórí ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́, heparin ni wọ́n máa fún un kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú rọ́bà ẹ̀rọ náà, tí wọ́n bá ṣe tán wọ́n á fi protamine pa agbára heparin yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ti ń yípo nínú rọ́bà láti àárọ̀ kìí gbọ́ràn mọ́ o, ìwọ̀nba tó bá dì lójú ọgbẹ́, ara fúnra ẹ̀ á tún máa yọ́ ọ. Yíyọ́ yẹn ni oògùn wọ̀nyí ń dí lọ́wọ́.

Nígbà tí mo débẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Trasylol lọ̀gá nínú wọn. Ẹ̀dọ̀fóró màlúù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, owó ẹ̀ sì wọ́n. Ká má parọ́, ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ju tàwọn yòókù lọ, àyà aláìsàn á gbẹ táútáú! Àfi bí ìwádìí ṣe jáde ní 2006 pé ó ń ba kídìnrín jẹ́, tó fi di 2007 táwọn ará Kánádà dá ìwádìí tiwọn dúró láìparí: nínú 100 tó gba Trasylol, 6 ló kú kó tó pé oṣù kan, tàwọn tó gba tranexamic acid ò tó 4. November ọdún yẹn ni Bayer, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, kó o kúrò lọ́jà. Yúróòpù ní kó padà ní 2012, fún bypass nìkan, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọkàn, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi àyà gbígbẹ ṣe tí ẹni tó ni àyà ò bá sí mọ́?

Tranexamic acid ní tiẹ̀, tọkọtaya Okamoto ní Japan ló ṣe é láyé 1960s, owó ẹ̀ ò tó nǹkan rárá. Òun náà ni wọ́n ń fún abiyamọ tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, àwọn obìnrin Nàìjíríà pọ̀ nínú ìwádìí tó jáde lórí ìyẹn ní 2017. Ọdún yẹn náà ni ìwádìí ti iṣẹ́ abẹ ọkàn jáde, ó lé ní 4,600 èèyàn, nínú àwọn tó gba oògùn náà, àwọn tí wọ́n ní láti tún àyà wọn là nítorí ẹ̀jẹ̀ fi ìdajì dín sí ti àwọn tí kò gbà á.

Ibi tí mo ti yọ máàkì 1: gìrì. Tí wọ́n bá fún èèyàn pọ̀ jù, gìrì lè mú un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò wọ́pọ̀ o, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá ti ní wárápá rí tàbí kídìnrín yín ò dáa, ẹ tètè sọ fún dókítà tó máa kùn yín lóorun.

Dókítà àgbà kan lọ́dọ̀ wa ṣì ń dárò Trasylol títí dòní. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà.