Ìgò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fa omi inú ikùn bàbá mi fún àyẹ̀wò. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló ń bá wọn fínra. Láàbù àkọ́kọ́ rọ omi náà sínú ike kékeré, ó sì wà lórí tábìlì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èsì ní kò sí kòkòrò kankan, bẹ́ẹ̀ ibà ò kúrò lára bàbá. Ó dùn mí dọ́kàn.

Àwọn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì mọṣẹ́. Wọ́n ti gbé ìgò méjì tó ní oúnjẹ tí kòkòrò fi ń hù nínú wá sí wọ́ọ̀dù kí dókítà tó dé. Dókítà fi sípíríìtì nu ọmọrí rọ́bà wọn, ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ó fi mìlílítà 10 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú mi. Omi náà ṣú díẹ̀, kò mọ́ gaara. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì rẹ̀: neutrophil, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò jà, ju 250 lọ nínú máíkírólítà kan, àmì pé kòkòrò ti wọ inú omi náà. Wọn ò dúró de èsì ìgò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ohun tó sì yẹ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, E. coli, irú kòkòrò kan tó ń gbé inú ìfun, hù jáde. Èmi ni mo lọ gba èsì, wọn ò pè wá. Ibi tí wọ́n kù sí nìyẹn. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni màá tún gbé bàbá lọ.