Ash tàbí oak: irú igi ìdáná tó yẹ kí ẹ rà kí òtútù England tó dé

Lọ́dún tí a kọ́kọ́ fi sítóòfù onígi sílé níbí, oak ni mo rà. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ti gbẹ. Nígbà tí a dáná sí i, ó ń hó ṣìì, omi ń rú fófòó lójú ibi tí wọ́n ti gé e, dígí sítóòfù sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá mi, tó wá bá wa tọ́jú ọmọ, gbé ẹyọ kan lọ́wọ́, ó ní: "Igi yìí ò tíì gbẹ. Omi ló wúwo tó báyìí." Ó ti fi igi àyìn dáná fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó mọ gáàsì, kò sì ṣì í sọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè orúkọ igi, omi inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Igi tútù á fi ooru rẹ̀ gbẹ omi ara rẹ̀ ná, kó tó kan ẹni tó ń yáná. Èéfín rẹ̀ ń di ọ̀dà mọ́ inú símínì, ọ̀dà yẹn náà ló sì máa ń gbiná lọ́jọ́ kan. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021, òfin England ní kí omi inú igi tí wọ́n bá tà, tí kò tó kúbíìkì mítà 2, má ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ẹ wá àmì "Ready to Burn" lára rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká fi àwọn méjèèjì wéra. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé ash lulẹ̀ ni omi rẹ̀ ti kéré sí ti oak. Ó rọrùn láti là, tí ẹ bá sì là á kí ewé tuntun tó yọ, ó lè gbẹ láàárín ọdún kan. Àwọn agégi àtijọ́ ní ash tútù pàápàá ń jó. Òótọ́ ni, ó ń jó, àmọ́ èmi ò ní gbà kí ẹ dáná sí i bẹ́ẹ̀. Ó pọ̀ lọ́jà báyìí torí àrùn kan tí wọ́n rí nílẹ̀ yìí lọ́dún 2012 ń pa á láti orí wálẹ̀. Oak ní tiẹ̀ le, ó ń jó pẹ́, ẹyinná rẹ̀ sì ń dúró dalẹ́. Àmọ́ ọdún méjì ló ń gbà kó tó gbẹ, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun gé oak lọ́dún tó kọjá, ó sì ti gbẹ, ẹ kọjá lọ.

Birch ń tètè jó tán, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ ń gbiná bíi bébà. Tí wọn ò bá là á, èèpo yẹn náà ló máa sé omi mọ́ ọn títí á fi jẹrà. Pine dára láti fi tanná, àmọ́ ó ń ta ẹ̀ta iná, ẹ má fi í sínú ààrò tí kò ní ilẹ̀kùn.

Tó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lẹ ń dáná, ẹ ra èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ tó wà nínú àpò, bó tilẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ń ra ẹrù ọkọ̀ ní láti béèrè: ṣé kúbíìkì mítà tí wọ́n dà wọlé ni, àbí èyí tí wọ́n tò? Èyí tí wọ́n dà lè dín tó ìdá kan nínú mẹ́ta tí ẹ bá tò ó tán. Ẹ fi ẹyọ méjì kan ara wọn: gbígbẹ á dún kó, tútù á dún bù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n la ọ̀kan lójú yín, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn omi kan inú rẹ̀. Ẹ̀yìn igi lè gbẹ kí inú ṣì tutù.

Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ tò ó sórí pákó kó má kanlẹ̀, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n gé. Orí nìkan ni kí ẹ bò.

Fún ọdún àkọ́kọ́, ash ni mo fara mọ́. Oak tí mo rà nígbà yẹn, mo tò ó sẹ́yìn ilé, mi ò fọwọ́ kàn án fún ọdún méjì. Nígbà tí a dáná sí i lẹ́ẹ̀kejì, kò hó rárá, ẹyinná rẹ̀ sì wà níbẹ̀ nígbà tí mo jí láàárọ̀.