Kíláàsì LSAT orí Zoom tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe láti Ògbómọ̀ṣọ́: ibi tó ti tó owó, ibi tí kò tó o

Kí n tètè sọ iye tí mo san fún kíláàsì LSAT, ìdánwò àtiwọ law school lókè òkun: ₦45,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, aago mẹ́jọ alẹ́, lórí Zoom. Owó dátà ò sí nínú rẹ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀ náà ò sí nínú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ọmọkùnrin tó ń kọ́ wa, torí ó ṣe ohun tó bí mi nínú, ó sì tún ṣe ohun tí mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbọ́ "law school" tí ọkàn yín ti lọ sí Bwari, níbi tí Law School ti Nàìjíríà wà, ibẹ̀ kọ́ là ń wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe, ó ní ta ló fẹ́ gba ẹni tó ka agíríkọ́ ní LAUTECH sí Bwari. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà á ti inú JAMB bọ́ sí LLB kó tó débẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, dìgírì kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, ohun yòówù kó dá lé, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lọ kọ́ òfin, LSAT sì ni ìdánwò tí wọ́n sábà fi ń ṣa èèyàn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òfin tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní Kánádà náà ń béèrè rẹ̀, ibẹ̀ ni ojú mi wà. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 120, ó sì parí sí 180. Wọn kì í bi èèyàn ní òfin kankan. Wọn kì í sì í yọ máàkì tí èèyàn bá ṣi ìdáhùn mú, nítorí náà ẹ má fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ jẹ́ n ti ibi ìbínú bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àdììtú ni Tíṣà (orúkọ tí a ń pè é nìyẹn) ń kọ́ wa: èèyàn méje jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Adé ò gbọdọ̀ jókòó ti Bọ́lá, ta ló wà láàárín? Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Under G, tí mo bá ti tẹ ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tán, ẹ̀yìn bébà tó bàjẹ́ ni mo fi ń ya bẹ́ǹṣì. Àfi ìgbà tí mo wọ LawHub, ojúlé àwọn LSAC tó ni ìdánwò náà fúnra wọn, tí mo ṣe àṣedánwò kan. Mi ò rí bẹ́ǹṣì, mi ò rí Adé, bẹ́ẹ̀ ni Bọ́lá ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti yọ apá yẹn kúrò láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024! Ohun tí wọ́n ń máàkì báyìí ni Logical Reasoning (ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ẹnì kan fi ń jiyàn) ọ̀nà méjì àti ìwé kíkà ọ̀nà kan, pẹ̀lú apá kẹrin tí wọ́n fi ń dán ìbéèrè tuntun wò, tí wọn kì í ka máàkì rẹ̀. Ìṣẹ́jú 35 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nóòtì àtijọ́ ni Tíṣà ṣì ń kà fún wa.

Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù WhatsApp wa. Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Ó di òru kó tó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ẹ jàre mi. Mi ò tún nóòtì yẹn ṣe." Ó ní òun á dá owó ọ̀sẹ̀ kan padà, òun á sì fi kíláàsì mẹ́rin dípò àwọn tó ṣòfò, ká mú ohun tó ń dà wá láàmú jù. Àwa mẹ́sàn-án tá a wà níbẹ̀ ló panu pọ̀ pé ìbéèrè tó ní ká gbè ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ni.

Bó ṣe máa ń wà nìyí. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí ẹnì kan fi ń jiyàn. Wọ́n á wá bi ọ́ pé èwo nínú àwọn márùn-ún ìsàlẹ̀ yìí, tó bá jẹ́ òótọ́, ló gbè é lẹ́yìn jù. Ìbéèrè bíi 25 ló wà nínú apá kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lo ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ó rọrùn. Ta ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbè sẹ́yìn ẹni? Nínú mẹ́wàá, mẹ́rin ni mo ń gbà.

Tíṣà kọ ìbéèrè kan fún wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní torí èmi tí mo wà nílùú kajú lòun ṣe kọ ọ́. Ìyá kan ń kó kajú pamọ́ sínú àpò ọ̀rá, ọdọọdún ló ń bu. Ọdún yìí ó kó o sínú àpò ìdọ̀họ, kajú rẹ̀ ò bu. Ó ní àpò ìdọ̀họ ló gba kajú òun là. Kí ló gbè é lẹ́yìn jù? A, àpò ìdọ̀họ wọ́n ju àpò ọ̀rá lọ. B, ó ti lé lógún ọdún tí ìyá yìí ti ń ta kajú. C, òjò ọdún yìí ò pọ̀ tó ti èṣí. D, ìyá mìíràn tó ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan náà, tó sá a síbì kan náà, àmọ́ tó ṣì ń lo ọ̀rá, tiẹ̀ bu lọ́dún yìí. E, kajú tí wọ́n rà lọ́wọ́ ìyá yìí lọ́dún yìí pọ̀ ju ti èṣí lọ.

B ni mo mú, ojú ò tì mí láti sọ ọ́. Nílé wa, ẹni tó bá ti ṣe nǹkan fún ogún ọdún ti jàre kó tó lanu. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ orí ìyá kò mọ ohun tó wà nínú àpò. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jìn: ìyá rí i pé àpò yí padà, ó rí i pé kajú ò bu, ó wá so ó pọ̀ mọ́ra. Àárín méjèèjì ṣófo. Ó lè jẹ́ ọ̀dá ló gbà á là, ó lè jẹ́ bó ṣe sá a. Ohun tó bá dí ihò yẹn ló gbè é lẹ́yìn. D dí i, torí gbogbo nǹkan dọ́gba láàárín ìyá méjèèjì àfi àpò. C ńkọ́? Ọ̀tá ni C, ó fi ìdí mìíràn han ọ́ tí kajú fi lè má bu, síbẹ̀ àwa mẹ́ta ló mú un torí pé ó bá ọ̀rọ̀ bíbu mu.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ ọ́ fún Màámi níbi tó ti ń ṣa kajú lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé. Mi ò tíì ka àwọn ìdáhùn náà fún un tó ti ní, "Ibo ló sá a sí? Ṣé orí sìmẹ́ǹtì àbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀?" Mo jókòó sílẹ̀. Obìnrin tí kò ka ìwé mẹ́fà ti rí ihò tí èmi fò kọjá.

Láti ìgbà yẹn, kí n tó wo A, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè Màámi: kí ni ẹni yìí ò tíì sọ fún wa? Tí mo bá wo àwọn ìdáhùn kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á tàn mí.

Kíláàsì mẹ́ta yòókù dá lórí àwọn ìdẹkùn kéékèèké. Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni "tó bá jẹ́ òótọ́." Mo máa ń bá ìdáhùn jà, màá ní irọ́ ni, kò lè rí bẹ́ẹ̀ láyé. "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní kí ẹ lọ wádìí rẹ̀. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá wo ohun tó ṣe fún ọ̀rọ̀ náà." Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ńláńlá bíi "gbogbo" àti "láéláé", tí wọ́n kọ́ wa láti máa sá fún níbi tí wọ́n ti ní ká fa ohun tó dájú yọ látinú ọ̀rọ̀. Níbí, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wúwo tó ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìdáhùn náà ò sì ní láti sọ ọ̀rọ̀ di àṣẹ tí kò ṣeé yẹ̀. Bó bá ti fi díẹ̀ kún un, tí mẹ́rin yòókù ò fi nǹkan kan kún un, òun náà ni.

Èyí tó ṣì ń rẹ́ mi jẹ ni irú tó ní gbogbo wọn ló gbè é lẹ́yìn ÀYÀFI ọ̀kan. Mo máa ń wá èyí tó tako ọ̀rọ̀ náà kiri, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó kàn ń sọ ti ara rẹ̀, tí kò ràn án, tí kò sì bà á jẹ́, lè jẹ́ ìdáhùn.

Apá ìwé kíkà? PDF ló fi ránṣẹ́, ó tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kíláàsì ò wáyé tí kò sì sọ fún wa, tí mo tan jẹnẹrétọ̀ lásán. Fídíò kíláàsì náà á pa rẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí náà ẹ tètè wò ó.

Àṣedánwò tí mo ṣe lọ́sẹ̀ kẹta, 146. Èyí tí mo ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹjọ, 155. Nínú ìbéèrè agbè-lẹ́yìn mẹ́wàá, mo ń gba mẹ́jọ báyìí. Ẹni tó bá jẹ́ pé Logical Reasoning ló ń dà á láàmú, kó san án, àmọ́ kó kọ́kọ́ béèrè bóyá bẹ́ǹṣì ṣì wà nínú nóòtì. Owó ọ̀sẹ̀ kan tó ní òun á dá padà, ₦5,625 ni tí a bá pín in. Mi ò tíì rí i.