Yr: áàpù ojú ọjọ́ tó jẹ́ kí Bergen tù mí lára

Tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nọ́wè, kóòtù ńlá ni gbogbo èèyàn máa ń ní kó lọ rà. Ní tèmi, Yr ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ gbé sórí fóònù rẹ̀. Aṣọ òtútù tó dáa kún ọjà. Èyí tó yẹ kéèyàn wọ̀ jáde láàárọ̀ òní ló ṣòroó mọ̀.

Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nọ́wè àti NRK, ilé iṣẹ́ rédíò òun tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ ti gbogbo ará ìlú, ló jọ gbé e jáde lọ́dún 2007. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ìpolówó ọjà kankan tó ń dí èèyàn lójú nínú rẹ̀.

Ẹ wo Bergen tí mò ń gbé. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkun bọ̀ a gbé ọ̀rinrin wá, a forí sọ àwọn òkè tó yí ìlú ká, ó di òjò. Òjò ọdún kan níbí ju 2,000 mìlímítà lọ. Láti òpin October 2006 wọ January 2007, ọjọ́ 85 ni òjò fi rọ̀ láìfo ọjọ́ kan. Ẹni tó bá ń tìtorí àwòrán kùrukùru lórí fóònù sọ pé òun ò ní jáde, ilé ni yóò wà látọdún dé ọdún. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ọmọ mi ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kì í sì tìtorí òjò kó àwọn ọmọ wọlé. Nítorí náà, kí n tó wọṣọ fún un, mo ti ka ọjọ́ náà ní wákàtí-wákàtí. Bí wákàtí kan bá gbé 0.2 mìlímítà, òjò winniwinni ni, jákẹ́ẹ̀tì lásán tó o. Bó bá di 3, aṣọ òjò àti ṣòkòtò rẹ̀ àti bàtà rọ́bà ni. Lẹ́yìn èyí, mo máa ń wo afẹ́fẹ́. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan wà nínú àkámọ́: ti inú àkámọ́ yẹn ni afẹ́fẹ́ tó ń já lu èèyàn lójijì. Tó bá ti tó mítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo ń fi agboòrùn sílé, torí yíyí ni yóò yí sódì. Fìlà ara aṣọ òjò ló ń gba èèyàn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwòrán òjò ìṣẹ́jú 90 tó ń bọ̀. Rédà ló ń bá a wo ibi tí òjò wà, ó sì ń fi hàn bóyá ó máa tó dá tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ le. Bí mo bá rí i pé òjò yóò fúyẹ́ láìpẹ́, n ó mu tíì mi tán kí n tó lọ wọ Bybanen, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ìyẹn nìkan fún mi pọ̀.

Nígbà òtútù, òǹkà tó yẹ kéèyàn bẹ̀rù ni òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Bí òru bá jẹ́ −2, tí àárọ̀ jẹ́ +1 pẹ̀lú òjò, ilẹ̀ tó ti dì yóò máa yọ̀ bí ilá. Mo ń so irin ṣóńṣó mọ́ abẹ́ bàtà nírú àárọ̀ yẹn. Ọjọ́ tó jẹ́ −8 tí ilẹ̀ gbẹ tù mí lára jù ú lọ, tí aṣọ irun àgùntàn bá ti kan ara. Ẹ má fi aṣọ òwú sábẹ́: tí òwú bá rin, ó ń fa ooru ara lọ ni, irun àgùntàn sì ń móoru bó tilẹ̀ rin.

Yr tún ń sọ ìgbà tí oòrùn yóò yọ àti ìgbà tí yóò wọ̀. Ní December, ó ń lọ sí aago mẹ́wàá kó tó yọ, ó sì ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀. Ìsinmi ọ̀sán ni mo fi ń rìn jáde, kí ìmọ́lẹ̀ lè kan ojú mi. Ní June, ó ń kọjá aago mọ́kànlá alẹ́ kó tó wọ̀, kọ́tìnnì dúdú ni tiwa nígbà náà. Ó ń sọ bí omi ìlúwẹ̀ẹ́ ṣe móoru tó náà.

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta iwájú ni mo fi ń pinnu nǹkan. Èyí tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo kàn ń wò ó ni, mi ò sì tìtorí rẹ̀ sún àríyá síwájú rí. Àmọ́ ìkìlọ̀ aláwọ̀ ọsàn tàbí pupa, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má wa mọ́tò gun òkè lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó dáadáa, orúkọ àdúgbò yín gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ̀ sí i, torí òjò Fana kì í fìgbà gbogbo bá ti Åsane mu. Tó bá sì jẹ́ Ulriken lẹ fẹ́ gùn, orúkọ òkè náà ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ó ga tó 643 mítà, yìnyín sì lè wà lókè nígbà tó jẹ́ pé òjò lásán ló ń rọ̀ nísàlẹ̀.