Láti Girona dé Cadaqués lórí kẹ̀kẹ́: ẹ fi táyà fífẹ̀ lọ o

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Ẹni tó bá ti kékeré gun àtẹ̀gùn òkè yẹn, tó ń gùn ún lọ tó ń gùn ún bọ̀, òkúta kì í fi bẹ́ẹ̀ bà á lẹ́rù. Ohun tí mò ń sọ fún àbúrò mi nìyẹn láti ilé títí a fi dé Girona, òun náà sì ń dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ lásán lẹ fi gun tiyín o, ẹ ò ti kẹ̀kẹ́ dání." Ọ̀rọ̀ yẹn padà dé bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní London. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn, àbúrò mi tó wà ní Manchester náà sì ti kó àrùn ọ̀hún láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òpin oṣù kẹwàá ni ìsinmi àwa méjèèjì bọ́ sí, la bá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Girona ní Catalonia, lápá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Sípéènì. Kì í ṣe títì ọlọ́dà la bá lọ. Ọ̀nà ilẹ̀, ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè ní gravel, la fẹ́ gùn, ká sì máa wo òkun Mẹditaréníà bá a ṣe ń lọ.

Girona kò tóbi, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ eré ìje jẹun pọ̀ níbẹ̀ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀ bí ṣọ́ọ̀bù ẹja àti ẹran ṣe wà ní Peckham. Èyí tí a yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò ní dárúkọ wọn. Yúrò 60 lójúmọ́ fún kẹ̀kẹ́ kan. Kẹ̀kẹ́ náà tuntun, ó fúyẹ́, bíréèkì rẹ̀ ń múni dúró bí ẹni fà á lókùn. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn fara balẹ̀ wọn gíga ìjókòó wa, ó sì béèrè kílò tí oníkálukú jẹ́. Mo ní kílò 88. (Àbúrò mi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kílò 94 ni mí.) Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló wá fi ohun tó kọ sílẹ̀ ṣe? Kò fi ṣe nǹkan kan. Táyà mílímítà 38 ni wọ́n gbé fún wa, wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí tó fi le bí àgbọn. Wọ́n tún ta àwòrán ọ̀nà fún wa, èyí tí wọ́n máa ń kó sínú kọ̀ǹpútà kékeré iwájú kẹ̀kẹ́, ní yúrò 40. Owó yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Lọ́jọ́ kìíní, a gba ọ̀nà Carrilet lọ sí Sant Feliu de Guíxols, kìlómítà 39. Ojú ọ̀nà réluwéè àtijọ́ ni. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, tí àlàfo àárín irin rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ, ló ń gba ibẹ̀ láti 1892 títí wọ́n fi pa á tì ní 1969. Wọ́n ti hú irin rẹ̀ kúrò. Sauló ló wà níbi tó pọ̀ jù, ìyẹn yanrìn tó ti ara òkúta gíránáítì tó ti jẹrà wá, ó sì ń dún ṣàràṣàrà lábẹ́ táyà. Ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun ibi tó ga gọngọ, nítorí náà ọ̀nà ọ̀hún ò ní ibi kankan tí ẹ máa fi mí kanlẹ̀. Ẹ ó gba inú Llambilles, Cassà de la Selva àti Llagostera kọjá. Ìyá àgbà kan gbé búrẹ́dì gígùn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó sì kọjá lára wa bí ẹni tí kò rí wa. Ẹni tó bá mú ọmọ wẹ́wẹ́ dání, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni kó lọ. Ní tèmi, ó dán jù. Nígbà tó máa fi tó kìlómítà 25, oorun ti ń kùn mí. Òkun gan-an, ẹ̀yin máa gun kẹ̀kẹ́ parí kẹ́ ẹ tó rí i. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé Sant Feliu, ẹ gun òkè Sant Elm, kẹ́ ẹ wo bí àpáta ṣe ń já lulẹ̀ sínú omi. Costa Brava ni wọ́n ń pe gbogbo etíkun yẹn. Akọ̀ròyìn kan, Ferran Agulló, ló fi orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn ní 1908. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ pè é ní Yorùbá, Etíkun Ẹhànnà ni mo máa pè é.

Ọjọ́ kejì, inú igbó Gavarres ni. A gun títì lọ sí Els Àngels, ilé ìsìn Màríà tó wà lórí òkè mítà 485, níbi tí ayàwòrán Salvador Dalí ti bá Gala ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ní 1958. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ilẹ̀ ló sọ̀ wá kalẹ̀ lọ sí Madremanya. Igi tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe ìdérí ìgò wáìnì ló kún igbó náà. Wọ́n á bó èèpo rẹ̀, igi ò ní kú, ó sì máa tó ọdún mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tún bó o. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó pupa láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì, bí ìyàwó tó kun osùn. Ojú ọ̀nà dáa, ibòji wà, a jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi tòmátì àti òróró ólífì pa. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Ó wá kan ọjọ́ kẹta, tí mo fi jókòó kọ gbogbo èyí.

A gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Figueres, a sì gùn ún láti ibẹ̀ lọ sí Roses létí òkun. Títì ńlá kan wà láti Roses lọ sí Cadaqués tó ń gba orí òkè. Ẹ má gbà á. Ẹ gba etí òkun. Títí dé Cala Montjoi, ọ̀dà ṣì wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé oúnjẹ elBulli wà, èyí tí àwọn olówó ayé ń du ìjókòó nínú rẹ̀ kó tó ti ìlẹ̀kùn ní 2011. A wò ó láti òkè, a jẹ bíìsíkítì wa, a bá tiwa lọ.

Lẹ́yìn Montjoi, ọ̀dà tán. Òkúta ibẹ̀ kò jọ ti Ìdànrè rárá. Tiwa rìbìtì, ó dán, ẹ lè fi ẹ̀yìn tì í kẹ́ ẹ sùn. Tibẹ̀ pẹlẹbẹ, ó dúdú, ó tò léra wọn bí ìwé tí òjò pa, etí rẹ̀ sì mú bí abẹ. Òkun wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún wa, ó mọ́ débi pé a ń rí òkúta tó wà nínú rẹ̀ láti òkè. Kò sí irin tí wọ́n fi dènà, kò sí ilé, kò sí igi tó ga ju èjìká mi lọ. Mo sọ fún àbúrò mi pé ohun tí mo wá wò nìyí.

Bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Cala Jóncols, táyà ẹ̀yìn mi ké fààà. Òkúta ti ya á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Táyà wọn kò ní túùbù nínú. Omi funfun kan ni wọ́n máa ń dà sí i, tó yẹ kó dí ihò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò abẹ́rẹ́ ni omi yẹn mọ̀, kò mọ ibi tó ya. Gbogbo rẹ̀ tú sí mi lẹ́sẹ̀. Mo tú àpò kékeré tí ṣọ́ọ̀bù so sábẹ́ ìjókòó. Túùbù kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, tín-ín-rín, ti kẹ̀kẹ́ títì! Àbúrò mi, tó jókòó ti fọkanáísà fún odidi ìsinmi ilé ìwé kan nígbà tó wà lọ́mọdé, ló yọ wá. Ó ká ọ̀rá bíìsíkítì ní ìlọ́po mẹ́rin, ó fi tẹ́ inú ibi tó ya, ó ki túùbù bọ̀ ọ́, ó sì fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nínú táyà mẹ́ta tó kù títí tí wọ́n fi rọ̀ bí ọsàn tó pọ́n.

Àṣé ìyẹn ló ti yẹ ká ṣe láti àárọ̀. Kẹ̀kẹ́ tó ń ta bí ewúrẹ́ lábẹ́ mi wá ń tẹ òkúta mọ́lẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n rí balẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń pariwo agbára ẹsẹ̀, táyà ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, mílímítà 45 ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ le.

Ilé oúnjẹ tó wà ní Jóncols ti tì fún ìgbà òtútù, omi wa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láti ibẹ̀, ọ̀nà dìde. Ibì kan wà tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo ń ti kẹ̀kẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, àtẹ̀gùn Ìdànrè dà?" Mi ò dá a lóhùn. Mò ń wo ògiri òkúta kéékèèké tí wọ́n tò léra láìfi amọ̀ pò, lórí òkè lọ bí ilẹ̀ bẹẹrẹ. Oko àjàrà ni gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kòkòrò kan tó ń jẹ gbòǹgbò àjàrà gba ilẹ̀ Faransé wọlé ní 1879, ó sì run wọ́n. Àgbẹ̀ ti lọ, igi ólífì díẹ̀ àti ògiri ló kù. Àwọn tó fi ọwọ́ gbé òkúta wọ̀nyẹn, kí ni mò ń mí hẹlẹhẹlẹ sí lójú wọn? Nígbà tí a dé ibi tí ilẹ̀ ti yí, Cadaqués ló hàn nísàlẹ̀, funfun báláú, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dúró láàárín. Gbogbo rẹ̀ ò pé kìlómítà 30 láti Roses, ó sì gbà wá ní wákàtí márùn-ún pẹ̀lú táyà.

Lọ́jọ́ kẹrin, a fẹ́ lọ wo ilé iná ojú òkun ní Cap de Creus. Atẹ́gùn àríwá tí wọ́n ń pè ní tramuntana jí kí á tó jí. Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. A padà. Ẹ wo ojú ọjọ́ kẹ́ ẹ tó lọ, mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì lọ ní oṣù kẹjọ, oòrùn ò ní fi yín sílẹ̀, mọ́tò á sì kún ọ̀nà Montjoi.

Ní ti àwòrán ọ̀nà yúrò 40 yẹn, ẹ fi owó yín jẹ ẹja. Ní ìta Roses, ó darí wa sórí àtẹ̀gùn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, a sì gbé kẹ̀kẹ́ léjìká. Pátákó tó wà lójú ọ̀nà Carrilet tó yín, máàpù ọ̀fẹ́ orí fóònù sì tó fún ìyókù.

Nígbà tí a dá kẹ̀kẹ́ padà, wọ́n fẹ́ gba yúrò 48 fún táyà tó ya. Mo tọ́ka sí túùbù tín-ín-rín wọn, mo tọ́ka sí ọ̀rá bíìsíkítì, a sì pín in sí méjì. Wọ́n wá ní kí n fún àwọn ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mẹ́ta ni mo fún wọn. Ọ̀kan fún kẹ̀kẹ́, ọ̀kan fún bíréèkì. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọmọbìnrin yẹn, nítorí nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un pé kílò 94 ni mí, ó yí ìwé rẹ̀ sí mi. Kílò 95 ló ti kọ síbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.