Àwọ̀n, rọ́bà tàbí ìdì koríko: èwo ni kí ẹ rà sẹ́yìn àmì ìtafà yín?

Ọfà tó bá àmì kò dá wàhálà kankan sílẹ̀. Èyí tó fò kọjá lórí àmì, tó ń wá ọgbà aládùúgbò lọ, òun la torí ẹ̀ ń ra ìdènà ẹ̀yìn. Nítorí náà, tí ẹ bá dúró níwájú ọjà, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye ọfà tí nǹkan náà lè gbà láàárín gbùngbùn. Ẹ béèrè ohun tí yóò ṣe èyí tó ṣìnà.

Ìṣirò kékeré kan rèé. Bí ẹ bá dúró ní mítà 20, tí ọwọ́ yín yẹ̀ ní díígírì kan péré, ọfà yóò fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 jìn sí ibi tí ẹ fojú sùn. Díígírì mẹ́ta ti lé ní mítà kan. Ní mítà 10, gbogbo rẹ̀ dín sí ìdajì. Ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í sì í ṣe díígírì kan. Lójú tèmi, kódà ní mítà 10, ìdènà tí kò ga tó mítà 2, tí kò sì fẹ̀ tó mítà 3, kò tíì tó nǹkan.

Ìdì koríko

Òun ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Koríko ọkà tó gbẹ dáadáa ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ká pa mọ́ fún ẹran jẹ, torí ìyẹn máa ń fa omi, ó sì ń tètè bu. Wàhálà rẹ̀ wà ní ojú ìpàdé. Ọfà mi kan gba àárín ìdì méjì kọjá bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Pákó ọgbà ló dá a dúró, mo sì dúpẹ́ pé pákó wà níbẹ̀. Látìgbà náà, bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ni mo ń tò ó, kí ojú ìpàdé ti òkè má ṣe bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀, màá wá fi bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń di ẹrù ọkọ̀ fún un pọ̀ gidigidi. Ẹ gbé e lé orí igi kí ó má fara kan ilẹ̀, kí ẹ sì fi tapólì bò ó tí òjò bá ń bọ̀.

Ẹ máa fi ìka ti ibi tí ọfà ti ń bà á jù. Bí ìka bá wọlé láìjà, ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọ̀n

Ó fúyẹ́, ó ṣeé ká, ẹni tó ń gbé ilé àyágbé lè tú u lálẹ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀n tí wọ́n dìídì ṣe fún ìtafà ni mò ń wí. Ti bọ́ọ̀lù àti ti ẹja kò wúlò níbí, ihò wọn ti fẹ̀ jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ìsokọ́. Àwọ̀n kì í fi líle dá ọfà dúró. Ṣe ló ń bá a rìn sẹ́yìn títí agbára fi tán lára rẹ̀. Bí ẹ bá fà á le bí awọ ìlù, ọfà á gbà á kọjá. Ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, kí ó fẹ̀ ju férémù lọ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa wọ́ nílẹ̀, kí àyè tó mítà kan sì wà láàárín òun àti ògiri. Oòrùn máa ń jẹ okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí ọfà ọdẹ tó ní abẹ lára kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá, yóò gé e ni. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ bóyá wọ́n kọ iye pọ́n-ùn ọrun (ìyẹn agbára tí ẹ máa fi fa ọrun) tó lè gbà: ọrun compound àwọn ọdẹ, èyí tó ní àgbá kéékèèké lẹ́nu méjèèjì, lè ta ọfà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó ju ti recurve, ọrun tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ síwájú, lọ dáadáa.

Rọ́bà ilé ẹṣin

Èyí ni rọ́bà nínípọn tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ fún ẹṣin. Èyí tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ó sì wúwo tó kílò 45, ẹnì kan kò lè dá a gbé kọ́. Òjò kò rí tiẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá so ó rọ̀ sórí igi tó lágbára, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè mì, yóò gba ọfà ọrun líle fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àléébù méjì ló ní: ó máa ń di ọfà mú débi pé ọwọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí fífà á yọ, ọfà ọrun ọmọdé sì lè ta padà láti ara rẹ̀.

Kápẹ́ẹ̀tì àlòkù, fóòmù tí a fi bóòtù fún pọ̀, àti àpò aṣọ àkísà (ẹ kọ́kọ́ já síìpù àti bọ́tìnì kúrò) dára fún àmì fúnra rẹ̀. Láti fi wọ́n ṣe ìdènà tó fẹ̀ tó mítà 3, iṣẹ́ ọ̀hún á pọ̀ jù.

Ẹ má ra pákó pẹlẹbẹ, ẹ má sì gbára lé ògiri kọnkéré. Ọfà á kán, tàbí kó ta padà sí yín.

Tó bá jẹ́ èmi ni: ọrun tí kò ju pọ́n-ùn 40 lọ, àwọ̀n. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ààyè wà láti ri òpó mọ́lẹ̀, rọ́bà. Ìdì koríko fún ẹni tí kò tíì dá a lójú pé òun á tẹ̀síwájú. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gba ẹni tó ń gbé ọrun sókè kó tó fà á. Bí ọsán bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó ti di ẹni tó tafà sókè, kò sì rí odó yí borí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ dúró ní mítà 8, kí ẹ rí i pé kò sẹ́ni lẹ́yìn ìdènà, kí ẹ ta ọfà kan ṣoṣo. Ẹ wá yí lọ sẹ́yìn lọ wò ó. Bí ohun tó yọ síta bá ti ju orí ọfà nìkan lọ lára rọ́bà tàbí koríko, ẹ fi ìpele kan kún un kí ẹ tó ta èkejì.