Ẹ ṣọ́ra o: awò ìbọn àti àmì aṣọ ológun ayédèrú ti kún ọjà

Ìkìlọ̀ yìí wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra awò ìbọn, léésà tàbí àmì èjìká lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yálà ṣọ́jà ni tàbí ẹ̀ṣọ́. Àwọn kan wà nídìí òwò yìí tó jẹ́ pé awò tí wọ́n ṣe fún airsoft, ìyẹn ìbọn ìṣeré tó ń yin ọta ike, ni wọ́n ń kó wá, tí wọ́n sì ń pè é ní ojúlówó ti ṣọ́jà. Wọn kì í purọ́ tán pátápátá, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wọn wà. Wọ́n á kọ orúkọ ojúlówó gàdàgbà sókè, EOTech tàbí Aimpoint tàbí ACOG, wọ́n á wá ki ọ̀rọ̀ kékeré kan bọ ìdí rẹ̀: "style", "type", "replica". Ilé iṣẹ́ tó ṣe ojúlówó ni wọ́n jí àwòrán rẹ̀ gbé. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ya nọ́ńbà tó wà lára ọjà ọwọ́ wọn ránṣẹ́, wọ́n á ní ọjà ṣì wà lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá sì fi nọ́ńbà ránṣẹ́, ẹ fi wá a lórí Google: ẹ lè bá nọ́ńbà kan náà lára ọ̀pọ̀ awò tí àwọn ẹlòmíràn ń tà, torí inú mọ́ọ̀dì kan náà ni gbogbo wọn ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí tí awò ìṣeré kò fi lè dúró lórí ìbọn gidi. Nínú awò alámì pupa, iná LED kékeré kan ń tan ìmọ́lẹ̀ sára gíláàsì iwájú, gíláàsì náà á sì dá a padà sójú ẹni tó ń wò ó. Ìdè (skúrù) kékeré méjì ló ń ti iná náà, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n padà láti òdì kejì. Ìbọn airsoft kì í fi bẹ́ẹ̀ ta sẹ́yìn, nítorí náà ẹni tó ṣe ayédèrú kò rí ìdí tó fi yẹ kó fi sípíríǹgì tó le síbẹ̀. Ẹ gbé e sórí ìbọn gidi, kí ẹ yin ìwọ̀nba ọta, àmì pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. MOA kan, ìyẹn ìwọ̀n igun tí wọ́n ń lò fún awò ìbọn, jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.9 ní mítà 100. Bí àmì bá fi MOA 10 kúrò níbi tí ẹ tò ó sí, ọta yóò fi sẹ̀ǹtímítà 29 ṣìnà ní mítà 100, ní mítà 300 ó ti di 87. Àyà lẹ fojú sùn, ẹ̀gbẹ́ ni ọta gbà kọjá. Èyí tó burú jù ni pé kò sí ohun tó máa sọ fún yín pé ó ti rìn. Àmì ṣì ń tàn, ó ṣì mọ́ lójú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dórí ìbọn. Ẹ gbé awò náà sórí àpò iyanrìn lójú fèrèsé, kí ẹ fi àmì sun ohun kékeré kan tó jìnnà tó mítà 50 ó kéré tán. Ẹ má fọwọ́ kan awò mọ́. Ẹ wá máa gbé orí yín sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sísàlẹ̀, títí àmì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí etí gíláàsì. Lára awò tó dára, àmì lè yẹ̀ díẹ̀, kò sí èyí tí kì í yẹ̀ rárá, àmọ́ á ṣì wà lórí ohun tí ẹ fi sùn. Lára ayédèrú, orí yín ló máa tẹ̀ lé. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ìdè sókè kó dún "kílíìkì" ní ìgbà 20, sọ́tùn-ún 20, sísàlẹ̀ 20, sósì 20. Ó gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti kúrò gẹ́lẹ́. Ẹ fi ìdí onígi tọ́níbáìsì (screwdriver) gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, kí ẹ tún wò ó. Bí àmì bá fò, ẹ kó o padà sínú páálí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí àwọn olùtajà máa ń fi bo àṣírí: bí ẹ bá ṣàròyé pé àmì rí bí ìràwọ̀ tàbí bíi kọ́mà, wọ́n á ní ojú yín ló ní àrùn. Nígbà míì, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ fi fóònù ya àmì náà láti ẹ̀yìn awò. Bí ó bá rí róbótó nínú àwòrán, ojú yín ni. Bí ó bá ṣì rí jákujàku, awò ni.

EOTech ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti tú àṣírí rẹ̀. Ojúlówó kì í lo iná LED lásán, léésà àti hólógírámù ló ń lò: òrùka MOA 68 tí àmì MOA 1 wà láàárín rẹ̀. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹ̀kán-ẹ̀kán kéékèèké ló para pọ̀ di àmì náà. Ayédèrú ní bọ́tìnì tó ń yí pupa sí àwọ̀ ewé, ojúlówó kò ní irú rẹ̀. Ẹ wo ayédèrú láti iwájú, gíláàsì kan tó dà gẹ̀rẹ́ tí àwọ̀ wà lára rẹ̀ á hàn nínú, iná pupa á sì máa ṣẹ́jú síta. Àyẹ̀wò mìíràn tí kò ná yín ní nǹkan kan: bí ẹ bá fi bọ́tìnì ọfà òkè tan ojúlówó EXPS3, ọ̀kan lára awò EOTech, yóò pa ara rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 8, bí ẹ bá fi ọfà ìsàlẹ̀ tàn án, wákàtí 4 ni. Ayédèrú á tàn títí bátìrì á fi kú. Ẹ tún gbé e sórí òṣùwọ̀n, EXPS3 tó nǹkan bíi gíráàmù 317.

Ẹ má sì rò pé ojúlówó ti parí ọ̀rọ̀. Ní 2015, L-3, ilé iṣẹ́ tó ni EOTech nígbà náà, gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 25.6 fún ìjọba Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn pé wọ́n mọ̀ pé òtútù àti ọ̀rinrin ń ba awò wọn jẹ́, tí wọn ò sì tètè sọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ra àlòkù tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún yẹn ní láti yin ín wò láàárọ̀ kùtù àti lọ́sàn-án gangan, kó fi ojú ihò wé ojú ihò.

ACOG TA31 kò ní bátìrì. Okùn gíláàsì orí rẹ̀ ń fa ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, tritium, ìyẹn gáàsì tó ń mú kí nǹkan tàn láìlo bátìrì, ń tan án lóru. Bí ẹ bá rí ìdérí bátìrì tàbí bọ́tìnì lára ohun tí wọ́n pè ní TA31, ìjíròrò ti parí. Àwọn ayédèrú kan ní okùn náà lóòótọ́, wọ́n sì ń tàn dáadáa nínú oòrùn, ìdí nìyẹn tí àwọn olùtajà fi ń ya fídíò wọn ní ìta. Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, kí ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 10 kí ojú yín mọ́ òkùnkùn lára. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, kò sí tritium níbẹ̀. Fún àlòkù, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é: láàárín ọdún 12 àti díẹ̀, ìdajì agbára tritium á ti lọ, nígbà tó bá fi pé ọdún 25, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Iye tí ẹ máa san gbọ́dọ̀ fi èyí hàn.

Ní ti "night vision" tí wọ́n máa ń kọ sára awò: lára awò tó bá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú awò ìríran òru, àmì tí ẹ bá gbé sí ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù kì í hàn sí ojú lásán, àní nínú òkùnkùn. Bí ẹ bá ń rí i kedere, irọ́ ni wọ́n kọ sí i, yóò sì bo gbogbo ohun tó wà níwájú yín mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá wọ awò òru.

Léésà ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo ọjà wọn. Àpótí tó jọ PEQ-15, ìyẹn àpótí léésà àwọn ológun Amẹ́ríkà, lè jẹ́ ilé bátìrì lásán, ó lè ní léésà pupa, ó sì lè ní infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí) tí ẹnikẹ́ni kò wọn agbára rẹ̀ rí. Infrared tó lágbára ń jó inú ẹyinjú láìjẹ́ kí ẹni ṣẹ́jú, nítorí ojú kò rí i. Léésà aláwọ̀ ewé olówó pọ́ọ́kú kò sàn jù ú lọ: ní 2010, àwọn onímọ̀ NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀ràn ìwọ̀n, wọn ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé infrared tó ń jáde lára rẹ̀ pọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ ewé lọ, torí kò sí asẹ́ tó yẹ kó dá a dúró. Lójú ogun, ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó wọ awò òru ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀yin kò mọ̀ pé ẹ tàn.

Ó wá ku àmì aṣọ, níbi tí àwọn èèyàn kì í ti í yẹ nǹkan wò torí ó kéré lówó. Ojúlówó àmì infrared ní ìpele méjì: ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà wà nísàlẹ̀, ike dúdú tó ń jẹ́ kí infrared nìkan kọjá wà lókè rẹ̀. Kì í tàn fúnra rẹ̀. Ó dìgbà tí ẹnì kan bá tan iná infrared sí i kó tó dáhùn, gbogbo ẹni tó bá sì ní awò òru ló máa rí i, títí kan ọ̀tá. Olùtajà tó bá ní "àwọn tiyín nìkan ló máa rí i" ti purọ́. Ẹ fi í síbi tí ọwọ́ yín ti lè dé kí ẹ bò ó tàbí kí ẹ yọ ọ́.

Oríṣi ayédèrú méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ike tí wọ́n tẹ nǹkan sí, kì í dá infrared kankan padà, ará yín lè yìnbọn fún yín lóru torí pé kò rí àmì. Èkejì jẹ́ irú èyí tó wà lára aṣọ àwọn tó ń ṣe títì, tọ́ọ̀ṣì lásán tàbí iná ọkọ̀ ti tó láti mú kó kọ mànà. Láti mọ èwo lẹ rà, ẹ fi í kọ́ ògiri lálẹ́, kí ẹ sún sẹ́yìn ní mítà 5 sí 10, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀bátí yín, kí ẹ tàn án sí i. Ibi tí tọ́ọ̀ṣì bá wà ṣe pàtàkì, torí ìmọ́lẹ̀ padà síbi tó ti wá ni. Bí ẹ bá nà án jìnnà sí ojú, ayédèrú náà á jọ ojúlówó. Èyí tó dára á ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e síwájú kámẹ́rà ààbò tó ń ríran lóru, ó gbọ́dọ̀ funfun báláú. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ fóònù ń dènà infrared, ẹ má fi ìyẹn dájọ́.

Kámẹ́rà ààbò yẹn náà ni kí ẹ fi wo aṣọ. Ní 2019, oníṣòwò kan láti New York gbà nílé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi títa ọjà ayédèrú tó ju mílíọ̀nù dọ́là 20 lọ, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Kóòtù òtútù bíi 200 wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí aṣọ wọn máa fi ẹni tó wọ̀ ọ́ pamọ́ fún awò òru, wọn ò sì ní nǹkan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú lásán, ẹ ò lè mọ̀. Ẹ so tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n fún yín níbi iṣẹ́, kí ẹ wò wọ́n papọ̀: èyí tó bá funfun ju ìkejì lọ ni ìṣòro. Ẹ wo òwú tí wọ́n fi kọ orúkọ àti àmì ipò pẹ̀lú, òwú dídán máa ń yọ lára aṣọ tó dára gan-an pàápàá. Ọṣẹ ìfọṣọ tó ń mú aṣọ funfun náà ń ba á jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó bá ti sanwó, ẹ má gbé e sórí ìbọn "kí a kàn wò ó". Ẹ ya fídíò àyẹ̀wò wọ̀nyí bí ẹ ṣe ń ṣe wọ́n, ẹ tọ́jú páálí àti ìwé àdírẹ́sì tó wà lára rẹ̀, ẹ ya ìpolówó wọn pamọ́ kí wọ́n tó pa á rẹ́, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun ilé ìfowópamọ́ tàbí ibi tí owó gbà kọjá kí gbèdéke tó pé. Wọ́n á bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ fa ẹjọ́ yẹn sẹ́yìn, àwọn á dá owó padà lọ́la. Ẹ má fà á sẹ́yìn títí owó á fi wọlé.